Àbẹ́là Tó Ń Pọ̀ Sí I Bí Òru Ṣe Ń Gùn

Ní ìlú Hamburg, lápá àríwá Jámánì, bí oṣù Kejìlá bá ti dé ìdajì, oòrùn kì í yọ kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ tó kọjá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló sì ti ń wọ̀. Bíi wákàtí 7 àti ààbọ̀ ni ojúmọ́ fi ń mọ́ lọ́jọ́ tó kúrú jù lọ, kùrukùru sì lè bo ìyẹn náà mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn kò ní fojú kan oòrùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, níbi tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti ọjọ́ tó kúrú jù nínú ọdún kò ti tó wákàtí kan, kò lè fi ọyẹ́ tiwa díwọ̀n ohun tí à ń wí yìí. Ọyẹ́ a máa sán ètè, a máa gbẹ awọ ara, ṣùgbọ́n kì í gba ojúmọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìgbà òtútù tọ̀hún ń gbà á. Ẹni tó bá jí lọ síbi iṣẹ́ lókùnkùn, òkùnkùn náà ni yóò bá bọ̀ wálé. Inú òkùnkùn yìí ni àṣà kan ti jáde tó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni lágbàáyé lónìí. Ádífẹ́ńtì ni wọ́n ń pe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú Kérésìmesì. Àwọn onígbàgbọ́ a gbé àbẹ́là mẹ́rin sórí òrùka ewé tútù, wọn a tan ọ̀kan lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, méjì lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi máa jó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé lílé òkùnkùn lọ ni àṣà náà wà fún. Èrò tèmi yàtọ̀. Bí a bá tọ ìtàn rẹ̀ dé orísun, a ó rí i pé àwọn tó dá a sílẹ̀ kò retí pé kí òkùnkùn lọ. Ṣe ni wọ́n kóra jọ sínú rẹ̀, wọ́n sì gbà pé Ọlọ́run wà láàárín wọn níbẹ̀. Ibi ìkórajọ yẹn ni ìtùnú ń gbà wọlé, níbi tí wọ́n bá sì ti yọ èèyàn kúrò, tó ku ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ìtàn kan náà fi hàn pé ìtùnú ọ̀hún kì í lágbára mọ́.

Ọ̀dọ̀ Johann Hinrich Wichern ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Hamburg ni wọ́n bí i sí ní 1808. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun sì ni àkọ́bí, nítorí náà ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kí ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lè rí nǹkan fi sẹ́nu. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní Göttingen àti ní Berlin, nígbà tó sì padà sílé, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi kan ní àdúgbò St. Georg ni ó ti rí iṣẹ́ ṣe. Kò jókòó de àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Ó ń bá wọn délé, ó ń wọ yàrá tí àwọn òbí wọn há sí, ó sì ń kọ ohun tí ó rí níbẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń rí ni ọmọ tí ebi ń pa, òbí tí ọtí ti gbà lọ́wọ́ wọn, àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìlú kò mọ̀ bí kò ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá jalè. Ní 1833 ó kó ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn èèkàn ìlú. Karl Sieveking, tó wà nínú ìjọba Hamburg, fún un ní ilé kan tí wọ́n fi koríko bò ní abúlé Horn lẹ́yìn ìlú. Rauhes Haus ni orúkọ tí wọ́n ti ń pe ilé náà tẹ́lẹ̀, orúkọ náà ló sì ń jẹ́ dòní. Ìgbà òtútù ti ń wọlé bọ̀ nígbà tí Wichern kó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, nígbà tí ọdún sì fi máa parí, ọmọkùnrin bíi 12 ló wà lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀nà tí Wichern gbà tọ́jú àwọn ọmọ náà ló bí àṣà tí à ń sọ, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Láyé ìgbà náà, ilé àwọn ọmọ aláìgbọràn jọ ẹ̀wọ̀n ju ilé lọ: gbọ̀ngàn ńlá kan, bẹ́ẹ̀dì lọ́nà méjì gbọọrọ, kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wichern kọ̀ ọ́. Ó pín àwọn ọmọ sí ìdílé, bíi ọmọ 12 nínú ilé kékeré kan, pẹ̀lú ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní arákùnrin tó ń bá wọn jẹ, tó ń bá wọn sùn, tó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Bí ìdílé kan bá kún, wọn a kọ́ ilé mìíràn, àwọn ọmọ náà a sì bá wọn kọ́ ọ. Kò sí odi, kò sí kòtò yí ọgbà ká, wọn kì í sì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tí Wichern máa ń sọ fún un ni pé gbogbo ohun tó ti ṣe sẹ́yìn ti di ìdáríjì, àti pé ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo tí àwọn yóò fi dè é ni ìfẹ́. A lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ṣùgbọ́n odi tí kò sí níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọmọ tó bá fẹ́ sá lọ lóru lè sá lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ọmọ kan bá dúró ní Horn nínú òtútù oṣù Kejìlá, àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ ló mú un dúró.

Ìtàn tí wọ́n ń pa nínú ilé náà ni pé àwọn ọmọ kò jẹ́ kí Wichern gbádùn pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: ọjọ́ mélòó ló kù sí Kérésìmesì? Ìbéèrè ọmọdé ni, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ kéré. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ìlérí kankan fún rí, tàbí tí wọ́n ti ṣèlérí fún tí wọn kò mú un ṣẹ, kì í mọ bí a ti ń dúró de nǹkan. Ní 1839 Wichern gbé òrùka onígi kan kọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn àdúrà, ńlá bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó sì to àbẹ́là yí i ká: mẹ́rin tó tóbi, tó funfun, fún ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin, àwọn kéékèèké pupa fún àwọn ọjọ́ tó wà láàárín. Lọ́dún yẹn, ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá bọ́ sí, nítorí náà láti ọjọ́ yẹn títí di alẹ́ ọjọ́ 24, ọjọ́ 24 gééré ni. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń péjọ sábẹ́ òrùka náà, wọn a ka ìlérí kan nínú Ìwé Mímọ́, wọn a kọrin, wọn a sì tan àbẹ́là kan kún àwọn ti àná. Ọmọ tí kò mọ̀wé kà lè gbójú sókè kó rí i fúnra rẹ̀: àwọn tó ti tàn rèé, àwọn tó kù rèé. Ìgbà tí àbẹ́là funfun bá sì kàn, ó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan tún ti lọ. Àwọn àbẹ́là pupa kì í jẹ́ iye kan náà lọ́dọọdún, nítorí Ádífẹ́ńtì lè kúrú tó ọjọ́ 22, ó sì lè gùn tó 28. Wọ́n ní láti kà á lákọ̀tun lọ́dọọdún, kí wọ́n sì tún òrùka náà tò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ìṣirò òrùka náà ṣe bá ojú ọ̀run mu. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá títí di nǹkan bí ọjọ́ 21, ojúmọ́ ń kúrú sí i ní Hamburg lójoojúmọ́ ni. Àbẹ́là kan ń tàn nígbà tí òru ṣì mọ níwọ̀n. Àbẹ́là ogún ń jó nígbà tí òru bá ti gùn dé góńgó. Ní alẹ́ ọjọ́ 24, tí gbogbo rẹ̀ bá tàn pátápátá, ohun tí kò tó ìṣẹ́jú kan ni ojúmọ́ fi gùn ju ti ọjọ́ tó kúrú jù lọ. Bí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá fẹ́ ṣayẹyẹ ìpadàbọ̀ oòrùn, oṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀ ni wọn ì bá tan iná wọn, nígbà tí ojú lè rí i pé ojúmọ́ ti ń gùn. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń tan iná sí i nígbà tí nǹkan ń burú sí i, láìsí àmì kankan lójú ọ̀run pé yóò dára. Ohun tí wọ́n gbára lé kò sí lójú ọ̀run. Orúkọ tí wọ́n ń retí láti pe ọmọ tí à ń dúró dè náà ni Ìmánúẹ́lì, ìyẹn ni pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa, orúkọ náà kò sì sọ pé òkùnkùn ti tán. Ó sọ ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àṣà náà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn ọmọ Rauhes Haus kò di ọmọ olówó ní alẹ́ ọjọ́ 24. Bàbá ẹni tó ti kú kò jí dìde. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jókòó pọ̀ fún alẹ́ 24, ẹnikẹ́ni kò sì lè gba ìyẹn padà lọ́wọ́ wọn.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ pé yóò jáde, àárín àwa Yorùbá gan-an ni yóò ti jáde, nítorí ọ̀pọ̀ oníwàásù lọ́dọ̀ wa ló ń sọ pé gbogbo iná àti ewé Kérésìmesì jẹ́ ìyókù ìbọ̀rìṣà àwọn òyìnbó àtijọ́, pé oòrùn ni wọ́n ń bọ. Mo gbà pé dídá iná nígbà òtútù ti wà kí Kristẹni tó dé Jámánì. Ẹni tí òtútù bá mú yóò dáná. Kò nílò òrìṣà kankan kó tó mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n òrùka alábẹ́là yìí ní ọjọ́ ìbí, ó ní ilé, ó sì ní ẹni tó gbé e kọ́. Ewé tútù tí wọ́n sọ pé ó jẹ́ ẹ̀rí ìbọ̀rìṣà kò tilẹ̀ sí lára rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 1860 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ka igi tútù wé e. Àwọn tó sapá jù lọ láti sọ ọ́ di ti ìbọ̀rìṣà ni ìjọba Hitler, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kan lẹ́yìn Wichern. Wọ́n fẹ́ yọ Kristi kúrò nínú Kérésìmesì, wọ́n sì fún òrùka náà ní orúkọ tuntun tó jẹ mọ́ oòrùn àti ìmọ́lẹ̀, kí ìdílé lè máa tan án láìsí pé wọ́n dárúkọ ẹni tí Ádífẹ́ńtì ń retí. Ẹni tó bá ń sọ lónìí pé oòrùn ni òrùka náà wà fún ń tún ọ̀rọ̀ wọn sọ láìmọ̀.

Bí ó ṣe tàn kálẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn arákùnrin tí Wichern kọ́ ní iṣẹ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n bá rán wọn lọ. Ó dé ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Tegel, ní Berlin. Nígbà tó wọ ilé àwọn èèyàn lásán, òrùka ńlá kò gba àjà wọn, nítorí náà wọ́n dín in kù sí àbẹ́là mẹ́rin, tí wọ́n lè gbé sórí tábìlì. Ìjọ Àgùdà tó kọ́kọ́ gbé e kọ́ wà ní Cologne, ní 1925. Ó yẹ kí a fi kún un pé kì í ṣe Wichern ló kọ́kọ́ fi àbẹ́là kọ́ ọmọdé ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 1747, ní Marienborn ní Jámánì, John de Watteville tó jẹ́ aṣáájú nínú ìjọ Moravia fún àwọn ọmọdé ní àbẹ́là kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù pupa wé, kí olúkúlùkù lè gbé iná tirẹ̀ lọ sílé. Èyí tí Wichern ṣe yàtọ̀ sí i níbi tó ṣe pàtàkì sí mi: kò pín iná náà fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e kọ́ sókè lórí gbogbo wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ rí i ní láti wá síbi tí àwọn yòókù wà.

Àtakò kejì wúwo jù. Ní 1844, Karl Marx, ọmọ Jámánì ẹgbẹ́ Wichern, fi ẹ̀sìn wé oògùn tó ń pa ìrora láìwo àrùn. Ẹni tó bá fi ojú yẹn wo Horn yóò bèèrè pé kí ni àbẹ́là fẹ́ ṣe fún ọmọ tí owó iṣẹ́ òbí rẹ̀ kò tó jẹun? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ní apá kan, Rauhes Haus kò fi àdúrà rọ́pò iṣẹ́. Àwọn ọmọ kọ́ iṣẹ́ bàtà, iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ìtẹ̀wé, wọ́n sì jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè fi jẹun. Ní 1848, ní Wittenberg, Wichern dìde níwájú ìpàdé àwọn ìjọ Jámánì, ó sì sọ fún wọn pé iṣẹ́ ìfẹ́ jẹ́ ti ìjọ gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ ti jẹ́ tirẹ̀. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ àánú ńlá tí àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ń ṣe ní Jámánì títí dòní ti gbé ara jọ. Ní apá kejì, Marx jàre níbì kan. Wichern bẹ̀rù ìṣọ̀tẹ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ ní Jámánì ní 1848, ó rí i bí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ béèrè ìdí tí òtòṣì fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìlú olówó. Ìtùnú kò lè rọ́pò ìdájọ́ òdodo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jà fún ìdájọ́ òdodo náà yóò la òru kọjá, òru náà yóò sì gùn. Mi ò rí ìdí tí a ó fi ní kó jókòó nínú rẹ̀ ní òun nìkan títí ayé yóò fi tún ṣe.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn Wichern kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Ó wà ní ẹ̀wọ̀n Moabit ní Berlin. Ọba Prussia ti lọ wo ẹ̀wọ̀n Pentonville ní London ní 1842, ó wú u lórí, ó sì ní kí wọ́n kọ́ irú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà nídìí irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ ni pé bí a bá ya ẹlẹ́wọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn, tó bá ku òun àti Bíbélì nínú yàrá kan, Ọlọ́run yóò bá a sọ̀rọ̀, yóò sì ronú pìwà dà. Ní Pentonville wọ́n ń fi fìlà bo ojú ẹlẹ́wọ̀n bó bá jáde, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀, wọ́n sì fi pákó pín ìjókòó wọn nínú ilé ìsìn débi pé ẹnì kan kò lè rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà orin. Wichern gba ẹ̀kọ́ yìí gbọ́. Láti 1856 àwọn arákùnrin láti Rauhes Haus ni wọ́n ń ṣe wọ́dà ní Moabit, ní ọdún tó tẹ̀ lé e ìjọba Prussia sì gbé iṣẹ́ àbójútó ẹ̀wọ̀n lé Wichern fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ti sọ fún ọmọ olè pé kò sí odi níhìn-ín ló wá di alágbàwí yàrá ẹ̀wọ̀n ẹlẹ́nì kan. Bíbélì kan náà ni, Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń dárúkọ, òtútù oṣù Kejìlá kan náà ló ń fẹ́ lójú fèrèsé. Èèyàn nìkan ni wọ́n yọ. Láàárín ọdún díẹ̀ ẹjọ́ pọ̀ lórí ètò náà nínú ilé aṣòfin Prussia, kò sì sẹ́ni tó ń kọ́ Moabit sílé lónìí bí wọ́n ti ń gbé òrùka Horn kọ́. Àwọn àgbà wa ní ènìyàn laṣọ mi. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi bá ibí yìí mu ni pé Wichern bọ́ aṣọ náà lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ó sì retí pé kí àdúrà nìkan máa mú ara wọn móoru.

Ẹnì kan lè ní kí n dúró ná, pé àwọn kan ti rí ìtùnú Ọlọ́run nínú yàrá ẹlẹ́nì kan, pé Dietrich Bonhoeffer jẹ́ ẹ̀rí. Òótọ́ ni. Wọ́n mú pásítọ̀ náà, tó wà lára àwọn tó ń tako Hitler, ní oṣù Kẹrin 1943, ẹ̀wọ̀n Tegel ni ó sì ti lo Ádífẹ́ńtì ọdún yẹn. Ó kọ̀wé pé yàrá ẹ̀wọ̀n jọ Ádífẹ́ńtì: èèyàn ń dúró, ó ń ṣe èyí, ó ń ṣe ìyẹn, ṣùgbọ́n ìta nìkan ni wọ́n ti lè ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń fa lẹ́tà yìí yọ máa ń dúró síbẹ̀, bí ẹni pé òun àti Ọlọ́run nìkan ló kù. Ẹ wo ohun tó ń ṣe ní àwọn ọ̀sẹ̀ kan náà. Ó kọ àdúrà fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ fún Kérésìmesì 1943, pásítọ̀ ẹ̀wọ̀n náà, Harald Poelchau, sì bá a pín in. Ọdún kan lẹ́yìn náà, nínú àjà ilẹ̀ àwọn ọlọ́pàá Gestapo, ó kọ lẹ́tà sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Maria von Wedemeyer, ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 1944. Ó sọ fún un pé òun kò nímọ̀lára pé òun dá wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ka àwọn tó wà lọ́dọ̀ òun lẹ́sẹẹsẹ: òun Maria, àwọn òbí, àwọn ọ̀rẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó wà lójú ogun. Ewì tí gbogbo Jámánì ń fi ṣe orin lónìí wà nínú lẹ́tà yẹn. Wọ́n pa á ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin 1945. Nínú yàrá ẹlẹ́nì kan gan-an, ojú àwọn èèyàn ni ó fi rí i pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú òun.

Ẹ̀rí kejì láti ìgbà kan náà ń bani nínú jẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá fò ó, mi ò ṣòótọ́. Jochen Klepper, ọmọ pásítọ̀, ni ó kọ ọ̀kan nínú àwọn orin Ádífẹ́ńtì tí àwọn ará Jámánì fẹ́ràn jù lọ, ní oṣù Kejìlá 1937. Orin nípa òru tó ti ń lọ sópin ni. Júù ni ìyàwó rẹ̀, Johanna, wọ́n sì ti fi òfin lé ìdílé náà sí kọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ìyàwó rẹ̀ àgbà rí ọ̀nà lọ sí Ẹ̀ńgíláńdì ní 1939. Wọn kò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀, Renate, lọ. Ní oṣù Kejìlá 1942, nígbà tó dájú pé wọn yóò kó Renate lọ, Klepper, Johanna àti Renate fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn lóru ọjọ́ 10 mọ́jú 11. Ọ̀sẹ̀ kejì Ádífẹ́ńtì ni. Ẹnì kan lè sọ pé ìtùnú tí ó fi kọrin kò tó o. Mo rò pé ẹjọ́ náà kò wà lọ́rùn orin rẹ̀. Ìwé ìrìnnà tí ìjọba kọ̀ láti fún Renate wà nínú rẹ̀; àwọn ìjọ tó ń kọ orin Klepper, tí púpọ̀ nínú wọn dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń kó àwọn Júù lọ, wà nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ló yẹ kó jẹ́ ara òrùka náà fún ìdílé Klepper. Níbi tí òrùka ti já, kò sí orin tó lè so ó.

Lára àṣà ìgbà òtútù, ọ̀kan wà tó dé ọ̀dọ̀ àwa náà tààrà, ọ̀nà tó gbà dé sì bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ìsìn Ẹ̀kọ́ Mẹ́sàn-án tí àwọn ìjọ Áńgílíkà ń ṣe ní Èkó, ní Ìbàdàn àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà Kérésìmesì bẹ̀rẹ̀ ní Truro, ní ìwọ̀ oòrùn Ẹ̀ńgíláńdì, ní 1880. Bíṣọ́ọ̀bù Edward White Benson ló ṣètò rẹ̀, inú ilé onípákó tí wọ́n ń lò nígbà tí kàtídírà kò tíì parí ni wọ́n ti ṣe é. Eric Milner-White, tó ti ṣe àlùfáà àwọn ọmọ ogun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, gbé e lọ sí King's College ní Cambridge ní Kérésìmesì 1918, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́. Ó kọ àdúrà tuntun sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nínú èyí tí wọ́n ń rántí àwọn tálákà, àwọn tí òtútù ń mú, àwọn tí ebi ń pa, àwọn tó dá wà, àti àwọn tó ń yọ̀ pẹ̀lú wa ní èbúté mìíràn. Ìjọ tó gbọ́ ọ lọ́dún náà mọ àwọn tí àdúrà náà ń sọ nípa wọn. Bí ìsìn yìí ṣe dé ilẹ̀ wa, ó bọ́ sínú ọyẹ́, nínú oòrùn tó ń ràn gbiiri, àwọn kan sì lè sọ pé ó ti sọ ìdí rẹ̀ nù. N kò rò bẹ́ẹ̀. Àdúrà náà kò béèrè yìnyín. Ó béèrè pé kí ẹni tó wà níbẹ̀ rántí ẹni tí kò sí níbẹ̀, ọmọ Yorùbá tó bá sì ń ṣiṣẹ́ òru ní London, tó ń jáde lókùnkùn tó ń wọlé lókùnkùn, wà lára àwọn tí wọ́n ń rántí ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà.

BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìsìn King's College sáfẹ́fẹ́ ní 1928. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n yọ àwọn gíláàsì aláràbarà inú ilé ìsìn náà kúrò nítorí bọ́ǹbù, kò sì sí ohun tó ń mú ibẹ̀ móoru. Wọ́n ṣì kọrin níbẹ̀ ní gbogbo Kérésìmesì ogun náà, rédíò sì ń gbé e jáde. Wọn kò dárúkọ ibi tí ohùn náà ti ń wá, kí ọ̀tá má bàa mọ̀. Ẹni tó bá jókòó ti rédíò rẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀ kàn gbọ́ pé ibì kan wà tí àwọn kan ti péjọ.